Ìyàwó Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Ìbàdàn

Níwájú mọ́ṣáláṣí wa ní Landover, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo ti kọ́kọ́ rí Abibat. Ìbéèrè ló fi kí mi.

"Brother Taofeek, wọ́n ní ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ìyàtọ̀ 'look' àti 'watch'?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ pè mí tí mo bojú wẹ̀yìn, 'look' nìyẹn. Bí mi ò ṣe tíì gbójú kúrò yìí, 'watch' ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àwọn nọ́ọ̀sì ló ń múra fún. Ni mo bá di ẹni tó ń lọ kọ́ ọ ní Sátidé ní Lake Arbor, nílé àǹtí rẹ̀, Àǹtí Mọ̀nsúrát. Nọ́ọ̀sì ni àǹtí náà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, orí àga pálọ̀ ló ń sùn, ìborùn lójú, tí àwa ń kàwé nídìí tábìlì.

Kò pẹ́ tí Abibat fi di olólùfẹ́ mi. Mo ti fẹ́ ní kí àwọn ẹbí mi wá tọrọ rẹ̀ nígbà tí ìrẹsì tí Àǹtí máa ń bù fún mi ṣàdédé dáwọ́ dúró. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo owó ayédèrú.

"Taofeek, ará ilé ńkọ́? *Gbogbo* wọn?"

Abibat náà kò gbé fóònù mi mọ́. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ọkùnrin mìíràn ti dé ni, àbí kí ni?

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá wọn.

"Ìyàwó ẹ ní Ìbàdàn, ta ló ń bọ́ ọ?" ni Àǹtí bi mí.

"Ìyàwó kẹ̀?"

"O rò pé mo sùn? Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ: 'I abandoned my wife in Ìbàdàn.' Àwọn èèyàn mi ti ń wá a kiri Mókọ́lá!"

Abibat fò dìde, omijé lójú. "Àǹtí! Ẹ ní ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, ẹ ò sọ pé ẹ̀kọ́ wa ni! Èmi ni mo bi í ní ìyàtọ̀ 'leave' àti 'abandon'. Ó ní ẹni tó 'leave' ìyàwó ẹ̀ á padà wálé. Ẹni tó 'abandon' ẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Àpẹẹrẹ ni!"

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tó jẹ́ ìyàwó ló fi ṣe àpẹẹrẹ? Ṣé kò rí ajá ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Wọ̀láhì, Àǹtí, mi ò níyàwó níbì kankan. Abibat ni mo fẹ́, mi ò sì ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láéláé. Èyí kì í ṣe àpẹẹrẹ, mà."

Ó wò mí títí. Ó wá dìde, ó lọ bu ìrẹsì.

"Ní kí àwọn ẹbí ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ò ní kúrò lára ẹ o."

Abibat nu ojú rẹ̀. "'Watch' nìyẹn, Àǹtí."