Dírágónì Ibú Ẹsẹ̀ Òkúta

"Èyí tó ń gbé ọmọ mì ni kí o sọ fún wọn," Eugène wí. "Ìwọ náà mọ̀ pé òun ló dùn jù."

Òun àti Adèle jọ wà lára àwọn àgbà ọmọ ilé ìwé. Adèle jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ìwé ńlá tí Mẹ̀sé Antoine yá a sì wà lórí itan rẹ̀. Mẹ̀sé ni wọ́n ń pe olùkọ́ wọn, bí àwọn Faransé tó ń ṣèjọba nígbà náà ti fi kọ́ wọn. Ìtàn dírágónì méjì ló wà nínú ìwé náà. Ẹranko inú ìtàn àwọn òyìnbó ni dírágónì. Ó dà bí erè, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀, ó ní ìyẹ́, iná sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìtàn kan, dírágónì arúgbó ń ṣọ́ kànga, ọmọbìnrin kan sì fi sùúrù bá a ṣọ̀rẹ́ títí ó fi jẹ́ kí àwọn ará ìlú pọnmi. Nínú èkejì, dírágónì ń lúgọ sínú omi, ó sì ń gbé ọmọ aláìgbọràn mì lódindi.

"Mẹ̀sé ní kí n yan èyí tó bá ọmọdé mu," Adèle wí. "Ó ní kí n wo ẹni tó kéré jù nínú wọn kí n tó yan."

Eugène rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kéré jù kẹ̀! Ṣé o ti gbàgbé Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni? Ìwọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń lé tata kiri."

Ọ̀rọ̀ náà dun Adèle wọra, nítorí òótọ́ ni. Kì í sí ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké máa ń wá kọ́ àdúrà. Lẹ́yìn àdúrà, àwọn àgbà ọmọ ilé ìwé a máa sọ ìtàn inú ìwé fún wọn ní èdè Ifẹ̀, ẹ̀yà Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé, nítorí Faransé kò tíì wọ̀ wọ́n létí. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Eugène a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Tirẹ̀ a máa jà, a máa sùn, a máa béèrè pé ìgbà wo làwọn ń lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀ yìí kì í sì í ṣe Ọjọ́bọ̀ lásán. Fadá ń bọ̀ láti Atakpamé. Yóò wo bí olúkúlùkù ṣe ń ṣe, yóò sì mú ọmọbìnrin kan tí wọ́n máa rán lọ sí Lomé láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àbúrò bàbá Adèle ti ń sọ pé ìwé tó gẹ́ẹ́, pé ọkùnrin kan wà ní Elavagnon tó ń wá ìyàwó. Bí Adèle kò bá rí Lomé lọ, ilé ọkọ ló ń lọ, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe eré ló wà lọ́kàn rẹ̀?

"Sọ pé inú odò wa ló ń gbé," Eugène tún wí. "O máa rí i bí wọ́n ṣe máa jókòó."

Fadá dé lọ́jọ́ náà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró sẹ́yìn àwọn ọmọ. Adèle ṣí ìwé náà sí ìtàn dírágónì tó ń gbé ọmọ mì. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, ẹnu gbàǹgbà, eyín ṣọnṣọ ṣọnṣọ. Ó ní inú ibú ẹsẹ̀ òkúta, níbi tí gbogbo abúlé ti ń pọnmi mímu, ni dírágónì náà ń sùn sí. Ó ní bí omi bá ń hó lẹ́bàá òkúta, èémí rẹ̀ ni. Kò sí ọmọ tó mira. Kódà àwọn tó máa ń lé tata fara mọ́ ara wọn.

Ọmọ kan ló nàwọ́ sókè, Málọmọ́, ọmọ ọdún méje. Ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ tí wọ́n ń sọ ní Málọmọ́. Ìyá rẹ̀ ti bí, ó ti sin, kó tó wá bí èyí tó dúró. "Ẹ̀gbọ́n Adèle," ó wí, "ṣé ó ti gbé èèyàn rí?"

Adèle gbójú sókè wo ẹ̀yìn àwọn ọmọ. Fadá ń wò ó, ó ń mi orí pé ó dára. Fadá kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wọn, ìdákẹ́jẹ́ àwọn ọmọ nìkan ló ń rí. Mẹ̀sé Antoine tó lè gbọ́ wà nínú ilé ìjọsìn pẹ̀lú àwọn àgbà.

"Ó ti gbé," Adèle dáhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Mẹ̀sé pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fadá ti mú ọ," ó wí. "Ó ní òun kò rí ẹni tí ọmọdé ń gbọ́ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa wọ ọkọ̀ ojú irin." Inú Adèle dùn débi pé kò mọ ìgbà tó sáré dé abẹ́ igi máńgòrò. Ìgbà tó jókòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ kò pé. Málọmọ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní àìsàn ló ń ṣe é.

Ó kọjá sílé wọn lẹ́yìn àdúrà. Ìyá Málọmọ́ ló bá nílẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú. Àwọn èèyàn Kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè náà, ti kó ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ipá ní ojú irin lókè, òun nìkan ló ń roko. Ìdájí ló ń jáde, àṣálẹ́ ló ń wọlé. Málọmọ́ ló ń pọnmi sílé.

"Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni," ìyá náà wí. "Láti ìjẹta. Bá mi bu omi wá nínú ìkòkò yẹn, ọmọ mi, kí n fún un mu."

Adèle ṣí ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀. Omi inú rẹ̀ funfun bí omi ògì, ó sì ń rùn. Odò àwọn kì í rí báyìí. Omi kòtò amọ̀ ni, kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ kọ́lé, tí ewúrẹ́ ń mu, tí ẹlẹ́dẹ̀ ń yí nínú rẹ̀.

Málọmọ́ la ojú díẹ̀. "Mi ò lọ síbẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò lè rí mi gbé."

Adèle mọ̀ pé ìtàn òun ló fà á. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ pàdánù Lomé. Ó da omi náà nù, ó ní kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó sáré lọ pọn òmíràn wá láti ibú. Lẹ́yìn náà ó kí ìyá náà pé Ọlọ́run á wò ó, ó sì jáde. Irọ́ kejì nìyẹn.

Eugène pàdé rẹ̀ lọ́nà, Adèle sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. "Pa ẹnu rẹ mọ́," Eugène wí. "Ta ló mọ̀? Bí o bá ti dé Lomé, ara ọmọ náà á ti yá."

Nílé, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà tó bí bàbá rẹ̀ wò ó títí, ó ní kí ló dé. Adèle gbìyànjú láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àlọ́ lásán lòun pa fún àwọn ọmọ, wọ́n wá gbà á gbọ́ débi pé Málọmọ́ ń sá fún ibú, ó sì mu omi kòtò tó sọ ọ́ di aláìsàn.

"Ìgbà wo lo pa á?" ìyá àgbà béèrè.

"Láàárọ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé o ké ààlọ́ o? Ṣé wọ́n gbè é fún ọ?"

Adèle mi orí pé rárá. Ta ní í ké ààlọ́ nílé ìwé? Ìwé ni wọ́n ń ṣí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀.

"Àlọ́ kọ́ lo pa nígbà náà," ìyá àgbà wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn ọmọ yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ àlọ́, a sì ń ké e kí wọ́n lè mọ̀ pé àlọ́ ni. Ohun tí àgbà bá jókòó sọ lójúmọmọ láìké ààlọ́, ìròyìn ni. Bí mo bá sọ fún ọ láàárọ̀ pé ẹkùn wà lọ́nà oko, ṣé o ò ní í yà gba ibòmíì? Ẹyin lohùn, Adèle. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ yìí, ilé ọlọ́mọ ló ti fọ́ sí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adèle gba ọ̀nà kòtò amọ̀. Ó bá wọn níbẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ láti abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n tò pẹ̀lú akèǹgbè, wọ́n ń bu omi ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà yẹn ló tó yé e pé Málọmọ́ nìkan kọ́. Ó sunkún. Ó gba akèǹgbè wọn, ó da omi wọn nù, ó sì gba ilé Mẹ̀sé Antoine lọ tààrà.

Mẹ̀sé gbọ́ ọ tán, kò pariwo. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba Atakpamé lọ wá oògùn. Adèle fúnra rẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá Málọmọ́. "Èmi ni mo dẹ́rù ba ọmọ yín, Ìyá," ó wí. "Irọ́ ni mo pa fún un, kí Fadá lè yìn mí. Láná tí mo rí omi yẹn, mo mọ̀, mo sì dákẹ́." Ìyá náà kò bú u. Ó kàn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó yí ẹ̀yìn sí i. Ìbá bú u, ìbá sàn fún Adèle.

Ara Málọmọ́ yá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Àwọn mìíràn náà ṣàìsàn, ara wọn yá. Ní ti Lomé, Mẹ̀sé pe Adèle. "Mo lè dákẹ́," ó wí, "nítorí Fadá kò gbọ́ èdè wa. Ṣùgbọ́n ìwọ wò ó fúnra rẹ. Mo ní kí o wo ẹni tó kéré jù. Ta lo wò?"

"Fadá ni mo wò, Mẹ̀sé," Adèle dáhùn. Ó fi àyè náà sílẹ̀, Geneviève, ọmọbìnrin mìíràn nílé ìwé wọn, ló sì lọ sí Lomé. Àbúrò bàbá Adèle sì ránṣẹ́ sí Elavagnon pé kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó.

Kí wọ́n tó dé, Adèle kó àwọn ọmọ lọ sí ibú ẹsẹ̀ òkúta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó rìn wọnú omi títí ó fi mù ún dé àyà. Ó fi ọwọ́ gbo òkúta, ó rì, ó tún yọ. "Kò sí nǹkan kan níbí," ó wí. "Irọ́ ni mo pa." Àwọn tó dàgbà díẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ́ sómi. Málọmọ́ dúró lókè, ó rù hangogo, ó di akèǹgbè rẹ̀ mú.

"Sọ̀ kalẹ̀ wá, Málọmọ́. Òótọ́ ni mo ń sọ."

"Ọjọ́ tí ẹ sọ pé ó ti gbé èèyàn," Málọmọ́ wí, "báyìí náà lojú yín rí."

Adèle gòkè wá, aṣọ rẹ̀ ń kán, ó gba akèǹgbè náà, ó bá a pọnmi, ó sì gbé e lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láràárọ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi kù kó lọ sílé ọkọ. Málọmọ́ kò fi ẹsẹ̀ kan omi náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ìtàn tó ń dẹ́rù bani kò burú, dírágónì kò sì ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá máa yan ìtàn fún ọmọdé ni kó mọ̀ pé ọmọdé kì í fi ìtàn sílẹ̀ níbi tó ti gbọ́ ọ. Ó ń gbé e relé, ó ń gbé e lọ sódò. Ìyìn àgbà tó dúró lẹ́yìn kì í pẹ́ tán. Ọmọ tó jókòó níwájú ni kí ẹ wò.