Igi Tó Bọ́ sí Ìlà-Oòrùn

Sílípáàsì tí ilé ìwé fún àlejò tóbi ju ẹsẹ̀ Fusae lọ, nítorí náà Kozue ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kó tó rí i. Ọjọ́ àjọ̀dún ilé ìwé ni. Kíláàsì kan ń dín núdùlù, òmíràn ti sọ yàrá wọn di ilé iwin, ṣùgbọ́n yàrá ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ni màmá kọjú sí tààrà.

"Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

"Ẹ jókòó síbí, Màmá. Àká Oníyìnyín ni mo pe orúkọ rẹ̀."

Fusae rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni kò mọ Àká nílùú Sakata? Eré kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni. Ọmọbìnrin kan wà nínú àká, àpò ìrẹsì wà káàkiri ilẹ̀, yóò sì tì wọ́n sójú àmì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè tì wọ́n, kò lè fà wọ́n. Àpò tó bá há sí igun ògiri, ó ti há nìyẹn. Àfi kéèyàn tún yàrá náà, ìyẹn ìpele eré tó wà, bẹ̀rẹ̀. Fusae ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó ti fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ru ìrẹsì ní àká ìlú yẹn nígbà tó wà lọ́mọge, kì í sì í mu tíì àárọ̀ láìyanjú yàrá kan nínú eré náà.

Ọ̀nà méjì ni eré Kozue fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Yìnyín ni ilẹ̀ tirẹ̀, àpò téèyàn bá tì yóò máa yọ̀ lọ ni títí yóò fi kọ lu nǹkan. Bọ́tìnì kan tún wà tó ń dá ẹni padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan.

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà, Olùkọ́ Nagata, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ náà, yóò mú eré kan ṣoṣo nínú ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ síbi ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ yóò lo ìsinmi rẹ̀ ní Tokyo lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe eré gidi. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni Kozue ti ń lálàá rẹ̀. Òfin ìdíje kò le: yàrá mẹ́jọ ó kéré tán, kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ́n. Bó bá jẹ́ eré ẹlòmíràn ló bí tirẹ̀, kó sọ ọ́ lójú ewé àkọ́kọ́. Àwọn olólùfẹ́ eré ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì ti ẹnikẹ́ni lójú.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, yàrá mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ Kozue. Ló bá mú yàrá márùn-ún nínú Àká, ó yí wọn padà bí ẹni tó ń wojú nínú dígí, ọ̀tún di òsì, ó sì kùn wọ́n láwọ̀ yìnyín. Ilẹ̀ tí kì í yọ̀ ni wọ́n ṣe yàrá wọ̀nyẹn fún, nítorí náà ó ṣètò rẹ̀ kí àpò má bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ títí di yàrá kẹfà. Àfi orúkọ eré náà, kò sọ níbì kankan pé òun mú nǹkan kan nínú Àká, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ fi wọ́n wéra.

"Nagata ti wá síbí lẹ́ẹ̀mejì," Shuhei, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣe eré ẹja, sọ látorí ìjókòó kejì. "Tèmi ti kú sómi. Tìẹ ló máa mú."

Fusae bẹ̀rẹ̀. Yàrá kìíní kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, wéré wéré.

"Màmá, ṣé ẹ ti ṣe é rí ni?" Shuhei bi í.

Màmá ṣáà ń ti àpò lọ. Nígbà tó parí ìkarùn-ún, ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ tọ́ka sí àwọn igi tí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. "Kozue, ta ló gbin igi sí ìlà-oòrùn?"

"Igi wo, Màmá?"

"Ìwọ̀-oòrùn ni igi àká máa ń wà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ àti atẹ́gùn òkun ni wọ́n ń bá wa dí. Ẹni tó gbìn ín síbí fẹ́ kí ìrẹsì bàjẹ́ ni."

Kozue tẹ̀ síwájú wo àwòrán náà. Ojoojúmọ́ ló ń gba abẹ́ igi àká ìlú wọn lọ sílé ìwé. Nígbà tó yí àwọn yàrá náà padà, igi ti bá wọn yí, kò sì fura. Fusae dojú kọ eré náà padà. Ó wọ yàrá kẹfà.

"Kí ló ṣe àpò yìí tó ń sá fún mi?"

"Yìnyín ni, Màmá. Ẹ tẹ ibí, ẹ ó padà sẹ́yìn."

"Mi ò padà. Nígbà tiwa, àpò tí mo bá gbé síbi tí kò yẹ, ẹ̀yìn mi yìí náà ló máa tún un gbé. Ìyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn ronú kó tó gbẹ́sẹ̀."

"Ṣùgbọ́n téèyàn bá mọ̀ pé òun lè padà, á dán ohun tí kò jẹ́ dán wò láéláé wò."

Màmá ṣu ẹnu pọ̀. Ó pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló tẹ bọ́tìnì náà bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá ti àpò kan kúrò lójú àmì, ohun tí ẹni tó mọ Àká kò ní ṣe. Àpò náà yọ̀ lọ, ó kọ lu èkejì, ó sì dúró síbi tó yẹ gan-an. Fusae bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo ti rí èyí?"

"Orí ara mi ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Igi yàrá yìí wà ní ìwọ̀-oòrùn."

Ó dìde, ó wọ́ sílípáàsì rẹ̀ jáde. Ojú ti Kozue débi pé kò lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá ò ní sọ fẹ́nì kankan," Shuhei sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣáà panu mọ́."

Kozue mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlú Sakata kún fún àwọn tó mọ Àká, ọjọ́ gbogbo sì ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ohun tó tilẹ̀ ń dùn ún jùyẹn lọ ni ẹ̀rín màmá. Yàrá tó ṣe fúnra rẹ̀ ló pa màmá lẹ́rìn-ín, yàrá yẹn gan-an ló sì ti lọ fi sẹ́yìn àwọn èyí tó jí.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù nígbà tó lọ bá Olùkọ́ Nagata. "Olùkọ́, yàrá mẹ́ta péré ni tèmi. Inú Àká ni mo ti mú márùn-ún tó kù."

Olùkọ́ náà gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé ìdíje ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn?"

"Mo mọ̀, mà."

Eré ẹja Shuhei ló lọ síbi ìdíje. Kozue pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó pa yàrá márààrún rẹ́, ó sì kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé: "Àká ló bí eré yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é."

Nígbà tó délé, Fusae ti gbé tíì kalẹ̀. Kozue ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Màmá bu tíì fún un.

"Yàrá kẹrin ńkọ́?"

"Mi ò tíì ṣe é, Màmá."

"Jókòó, kí o ṣe é. Mo ti ṣe ti Àká tán, tìrẹ ni mo ń dúró dè."

Kozue ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ti wá yé e pé kò sí àbùkù nínú kéèyàn gbẹ̀kọ́ lára iṣẹ́ àgbà, bó bá ṣáà ti mọ ọpẹ́ dá. Ohun téèyàn bá jí kì í di tirẹ̀, bó ti wù kó yí i padà tó. Igi ló kọ́kọ́ yà sínú yàrá tuntun náà, sí apá ìwọ̀-oòrùn.