Ẹni Tó Ń Nu Ẹsẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, orí rẹ̀ sì pé. Kì í ṣe ẹni tó máa ń rọ́ àlá rẹ̀ kiri. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì bù kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, mi ò ní bá a jà.

Monísọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣàgámù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Manchester. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé ló ń ṣe. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí ní Harpurhey, níbi tó ń gbé, ilé mẹ́ta ló sì máa ń yà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí ọṣẹ. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Oorun kì í tó o. Bí wọ́n bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Sister Moni, báwo ni?" á ní, "A dúpẹ́." Kò lókun tó fi máa sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé tó ń yà gbẹ̀yìn lójoojúmọ́ wà ní Hulme, lókè kẹta. Ìyá àgbà kan, ará Vietnam, ló ń gbé ibẹ̀. Lành ni orúkọ rẹ̀; Màmá Lành ni Monísọ́lá ń pè é. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un ní apá ọ̀tún, orí kẹ̀kẹ́ ló sì ń jókòó sí. Òyìnbó tó gbọ́ kò pọ̀. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Monísọ́lá á wẹ̀ fún un, á fún un ní oògùn, á bu oúnjẹ fún un. Ìyá náà á fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn náà tó.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn tí Monísọ́lá kì í fẹ́ wò. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan ní pálọ̀, fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ ṣọ́jà. Abọ́ iyanrìn wà níwájú rẹ̀, wọ́n gún tùràrí mọ́ ọn. Ọsàn mẹ́ta. Ife tíì kékeré kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù," nínú ọkàn rẹ̀, ó sì gbójú kúrò.

Hoa, ọmọ Màmá Lành, ló là á yé e. Obìnrin náà tó ẹgbẹ́ Monísọ́lá. Birmingham ló ń gbé, ó máa ń wá wo ìyá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n màmá mi nìyẹn," ni Hoa wí. "Ọdún 1968 ló lọ sógun. Kò padà. A ò rí òkú rẹ̀, a ò rí egungun rẹ̀. Kò ní sàréè níbì kankan."

"Ta ló wá ń jẹ oúnjẹ tẹ́ ẹ ń gbé síbẹ̀?"

"Òun ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kú sínú igbó tí wọn ò sin ín, ebi ló máa ń pa á. Ó máa ń rìn kiri. Bí ẹni tó ni ín bá pè é, á wá jẹun. Bí kò bá sí ẹni tó pè é, ibi tó bá ti gbóòórùn oúnjẹ ló máa lọ dúró sí."

"Ọjọ́ wo lẹ máa ń pè é?"

"A ò mọ ọjọ́ tó kú. Ọjọ́ tó kúrò nílé la mú."

Aṣọ ìnura ni Monísọ́lá ń ká lọ́wọ́. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

Òun náà ní ẹnì kan. Bọ̀dá Ṣẹ̀san, àkọ́bí ìyá rẹ̀, ṣọ́jà ni. Ọdún 1990 ni wọ́n kó wọn lọ sí Liberia. Lẹ́tà méjì ló kọ sílé. Ẹ̀kẹta ò dé. Ìyá wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀. "Ta ló rí òkú rẹ̀?" ló máa ń bi wọ́n. Ogún ọdún rèé. Wọn ò kà á mọ́ òkú, wọn ò sì lè kà á mọ́ alààyè. Orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí wọn kì í dá nílé.

Monísọ́lá kò sọ ìkankan nínú rẹ̀ fún Hoa.

Lọ́sẹ̀ kejì, ní ọjọ́bọ̀ kan, Hoa pè é lórí fóònù.

"Moni, jọ̀ọ́, òní ni ọjọ́ yẹn. Rélùwéè ò rìn, mi ò lè dé. Mo ti se oúnjẹ náà sínú fíríìjì láti Sunday. Kó o kàn gbé e kaná, kó o sì gbé e síwájú fọ́tò."

"Hoa, ọmọ ìjọ ni mí o."

"Mo mọ̀. Gbígbé nìkan ni. Màmá fúnra wọn ló máa pè é."

Monísọ́lá rántí Níkẹ́, tó ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó mọ ohun tí Níkẹ́ máa sọ. Àmọ́ òjò ti ń pa á láti àárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú nínú bàtà. Kò lágbára àríyànjiyàn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ara rẹ̀. Oúnjẹ ni oúnjẹ. Gbígbé oúnjẹ fún ènìyàn niṣẹ́ òun.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ni, ilẹ̀ sì ti ṣú, bó ṣe máa ń ṣú lásìkò òtútù. Ó gbé abọ́ ìrẹsì kan síwájú fọ́tò, adìẹ bíbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun. Ó ti kẹ̀kẹ́ ìyá náà síwájú. Ó bá a ṣáná sí tùràrí.

Màmá Lành la ẹnu. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín.

"Anh ơi, về ăn cơm."

Monísọ́lá ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó mọ irú ìpè yẹn. Bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn láti ìta kó wá jẹun nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é.

Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Fíríìjì tó ń kùn dákẹ́. Ọkọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀, Monísọ́lá ò gbúròó wọn mọ́. Òórùn kan gba inú ilé. Kì í ṣe ti tùràrí. Òórùn ilẹ̀ gbígbẹ ni, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ.

Fììrì. Fììrì.

Ẹnì kan ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò kánjú. Ó nu ọ̀kan, ó nu èkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

Monísọ́lá lọ ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan. Iná tàn ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ẹní ìnusẹ̀ ti tutù rinrin, amọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Amọ̀ pupa. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà nílùú yìí, kò rí amọ̀ pupa rí.

Ó yíjú padà. Màmá Lành ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wò kọjá èjìká rẹ̀. Inú ìyá náà kò dùn. Ó mi orí.

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

"Ta ni, Màmá?"

"Ó ga. Ó dúdú. Bí ìwọ." Ó tún wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ebi ń pa á. Kò wọlé. Ó ń dúró kí wọ́n pè é."

Monísọ́lá ti ilẹ̀kùn, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò mọ ohun tó ń wá, ó kàn rí i pé òun ti ń pe ìyá òun ní Ṣàgámù lórí fóònù.

"Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Monísọ́lá? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Mo ní kí n kí yín ni."

"O pè mí lákòókò. Àlejò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni."

"Àlejò wo?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó jọ àwọn Ṣáínà tó ń ṣe títì. Kékeré báyìí. Aṣọ ṣọ́jà tó ti gbó ló wọ̀, omi ń ro lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ níbí. Ó dúró sẹ́nu géètì. Kò tọrọ nǹkan kan. Ìkòkò tí mo gbé kaná ló ń wò."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo bu ìrẹsì fún un. Ó kọ ṣíbí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ṣà nílẹ̀, òun ló fi ń ha ìrẹsì sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ mọ́ féfé. Kí n tó gbé omi dé, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò bi í lórúkọ?"

"Ẹni tí ebi ń pa, ṣé orúkọ ni wàá kọ́kọ́ bi í? Mo ní bóyá níbi tí ọmọ tèmi wà náà, ẹnì kan á bu oúnjẹ fún un."

Monísọ́lá yíjú sí abọ́ tó wà níwájú fọ́tò.

"Moni? Ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nẹ́tíwọ̀kì ni."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Màmá Lành. Ó rọra sọ ọ́, kí ìyá náà lè gbọ́.

"Màmá, ẹ̀gbọ́n yín ti jẹun."

Ìyá náà wo ojú rẹ̀ títí. "Níbo?"

"Lọ́dọ̀ ìyá mi. Nílé wa."

"Kí ló jẹ?"

"Ìrẹsì."

"Ṣé ó gbóná?"

"Ó gbóná, Màmá."

Màmá Lành di ojú rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Ẹrù ọdún méjìlélógójì. Nígbà tó yá, ó la ojú, ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí abọ́ tó wà níwájú fọ́tò, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀kùn.

"Ẹni yìí ńkọ́?"

Monísọ́lá gbé abọ́ náà. Ó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó dúró. Bí òun bá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n òun, tó sì dáhùn, á jẹ́ pé ó ti kú, ẹnu òun ló sì pa á. A kì í pe alààyè lókùú. Bí òun ò bá sì pè é, ẹsẹ̀ ni yóò máa nù níbẹ̀.

Fììrì.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìnusẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o," ló wí. "Oúnjẹ rèé."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í. Kò gbọ́ jíjẹ, kò gbọ́ mímí. Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ tí abọ́ wọ́ lórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nígbà tó ń jáde lọ ní aago mẹ́fà, abọ́ náà ti mọ́. Ẹyọ ìrẹsì kan ò kù. Ajá kan wà nísàlẹ̀, ti aládùúgbò. Ó gbìyànjú láti gbà pé ajá yẹn ni. Ṣùgbọ́n ẹní ìnusẹ̀ ti gbẹ, amọ̀ náà ò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ó fọ abọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ pé Màmá Lành jẹun dáadáa. Ìyẹn nìkan ló kọ.

Ó fẹsẹ̀ rìn dé ìgboro nínú òjò winniwinni. Bọ́ọ̀sì Harpurhey dé. Ó fi káàdì ọkọ̀ ọlọ́sẹ̀ kan rẹ̀ han awakọ̀. Awakọ̀ wo káàdì náà, ó sì tún wo ẹ̀yìn Monísọ́lá.

"Ẹ̀yin méjì ni?"

Monísọ́lá bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó ṣí sílẹ̀ ló rí, àti òjò.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tí ẹnì kan fi ń kùn ní ìlà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Àwa méjì ni."

Ó san ti ẹnì kejì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bọ́ọ̀sì náà kún, àwọn kan dúró, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò jókòó tì í. Obìnrin òyìnbó kan tó gbé báàgì méjì sún mọ́ àyè náà, ó fẹ́ jókòó. Ó dúró lójijì. "Ẹ má bínú," ló wí, kì í ṣe fún Monísọ́lá, ó sì kọjá lọ sẹ́yìn.

Monísọ́lá kò yíjú. Títí wọ́n fi dé Harpurhey, ìta ló ń wò, kò sì wo ohun tó hàn nínú gíláàsì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tó ti máa sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí bẹ́ẹ̀lì. Kí ìka rẹ̀ tó kàn án, bẹ́ẹ̀lì ti dún.

Ó dìde.

"Ibí ni o," ló wí jẹ́jẹ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ láìwẹ̀yìn.