Ìṣẹ́jú Àáyá Méjìdínláàádọ́ta

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Benin, eruku a bo gbogbo nǹkan ní Airport Road. Ọmọ́tọ́lá, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, a máa nu ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Gbogbo àdúgbò ń ráhùn ọyẹ́, àmọ́ láti oṣù Kẹta ni Ọmọ́tọ́lá ti ń retí rẹ̀, nítorí eré ìje oníkìlómítà mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ àwọn asáré kan máa ń ṣe ní GRA lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì.

Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkirè, kò sí ọmọbìnrin tó ń sáré tó o. Ọdún tí wọ́n yàn án láti lọ ṣojú ìpínlẹ̀ ni ásímà, ìyẹn ikọ́ sémìísémìí, kọ́kọ́ dá a dúró lórí pápá. Ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ sáré mọ́ láyé. Ó ju ogún ọdún lọ kó tó tún wọ bàtà eré ìje.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó parí eré GRA ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kó wọlé kí wákàtí kan tó pé. Ọdún méjì ló ti gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ pẹ́dà, ọkàn rẹ̀ a ti wà lójú ọ̀nà yẹn, níbi tó ti rẹ àwọn ìyókù, tí òun ṣì ń lọ.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé kì í lo oògùn ásímà rẹ̀. Dókítà ti fún un ní ínhélà méjì, ike kékeré tí èèyàn ń tẹ̀ sẹ́nu kó lè fa oògùn náà sínú àyà. Ọ̀kan wà fún àràárọ̀ àti alaalẹ́ kí àìsàn náà má baà dìde. Èkejì, aláwọ̀ búlúù, wà fún ìgbà tí àyà bá fún. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́ pé nǹkan yẹn máa ń di bárakú, pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó kó méjèèjì sínú dúrọ́ọ̀ kan nílé, ó kó bọ́tìnnì lé wọn lórí. Ojú tún ń tì í pé kí àwọn tí wọ́n jọ ń sáré rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré sísá dánra wò láràárọ̀. Ọkọ rẹ̀, Dayọ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ekiadolor, rọ̀ ọ́ pé kó fi tọdún yìí sílẹ̀. Ọmọ́tọ́lá ní eruku lásán ni. Dayọ̀ gbà fún un. Ó mọ bó ṣe máa ń dun ìyàwó òun tó bí wọ́n bá ní kó má sáré.

Lọ́jọ́ eré náà, eruku pọ̀ débi pé èèyàn kò rí ìparí òpópónà. Ọmọ́tọ́lá kò rìn, kò na ara kó lè gbóná. Bí wọ́n ti fọn fèrè ló ti fi eré tete. Ní kìlómítà kẹfà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: ìṣẹ́jú márùndínlógójì àbọ̀. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, wákàtí kan kò ní pé.

Ibẹ̀ ni àyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ó ń gbọ́ ìró bíi ti fèrè nínú èémí ara rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó sì mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró, àmọ́ ó ń rò ó pé bóun bá dúró lónìí, ìgbà wo lòun tún máa súnmọ́ ọn tó báyìí?

Ọmọ rẹ̀, Pẹ̀lúmi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń dúró dè é pẹ̀lú omi ní kìlómítà kẹjọ. Pẹ̀lúmi gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pidgin ló fi máa ń dáhùn. Ó sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

"Mummy, you no dey breathe well. Abeg, stop."

Ọmọ́tọ́lá fẹ́ fèsì, kò lè sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta sí i, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

Nọ́ọ̀sì Comfort, ará Ọ̀wọ̀ kan tí ẹgbẹ́ náà ní kó máa tọ́jú àwọn asáré, dé láìpẹ́. Kò jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó gbé e jókòó, ó ní kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì béèrè ibi tí ínhélà rẹ̀ wà. Pẹ̀lúmi ní ó wà nílé. Nọ́ọ̀sì mú aláwọ̀ búlúù kan jáde nínú àpò tirẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni wọ́n fún un níbẹ̀ kó tó mí dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Comfort wá kí i. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi lo oògùn. Ọmọ́tọ́lá sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Nọ́ọ̀sì kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá Pẹ̀lúmi, ẹ̀rù ló ba ìyá yín. Àmọ́ ínhélà kì í di bárakú. Ẹni tó ń lo dígí ojú lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ ló nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín. Èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀nà tí èémí ń gbà wú. Èyí búlúù ló ń ṣí i bó bá fún. Ẹ ò lo ti àkọ́kọ́, ẹ ò mú èkejì dání, ẹ wá lọ sáré nínú ọyẹ́."

Ọmọ́tọ́lá bi í pé, "Ṣé mo ṣì lè sáré?"

"Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ásímà ló ń sáré. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ bá yín ṣètò oògùn yín. Kò yẹ kí ẹ ti fi eré sílẹ̀ látìgbà ọmọdé."

Ọmọ́tọ́lá kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ti gbà pé àìsàn ló gba eré lọ́wọ́ òun. Ẹnìkan ì bá ti sọ fún un nígbà yẹn, ní Ìkirè.

Ó lo oògùn rẹ̀ ní gbogbo ọdún náà, ó sì ń lọ rí dókítà lóṣooṣù. Lọ́jọ́ kejì Kérésì tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mú, dókítà sì ní kó lọ. Ó fi aṣọ bo imú, ó rìn títí ara rẹ̀ fi gbóná, ínhélà sì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi sá a. Ó dúró wo aago ńlá tó wà níbi ìparí fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣì ń wù ú. Ṣùgbọ́n ó ń mí.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní ásímà, ẹ máa lo oògùn tí dókítà kọ fún yín lójoojúmọ́, bí ara tilẹ̀ le. Ínhélà kì í di bárakú, kò sì yẹ kó máa tì yín lójú. Bí ẹ bá ń lọ ṣe eré ìdárayá, ẹ mú aláwọ̀ búlúù dání, kí àwọn tó wà pẹ̀lú yín sì mọ ibi tó wà. Nígbà ọyẹ́, ẹ bo imú, ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ gbóná díẹ̀díẹ̀. Bí eruku bá pọ̀ jù, ẹ dúró sílé. Bí oògùn kò bá tètè jẹ́ kí ẹ mí dáadáa, ẹ sáré lọ sí ọsibítù.

Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ì báà jẹ́ kìlómítà méjì péré ló kù. Wọn yóò tún sá eré náà lọ́dún tó ń bọ̀, a sì fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀.