Jíìpù Tí Màmá Àgbà Kò Lè Gùn

Morìnsọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa iyanrìn kúrò lábẹ́ taya jíìpù rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn.

"Mì kuabọ! Báyìí ni àwa Ègùn ṣe ń kí àlejò káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì dé abúlé wa o. Iyanrìn ló gbà ọ́ lálejò."

Inú ń bí i, síbẹ̀ ẹ̀rín pa á.

Agbẹ̀bí ni Morìnsọ́lá ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ibereko. Nítorí àwọn aláboyún abúlé etíkun lẹ́yìn Apa, tí wọn kò lè fi ẹsẹ̀ rìn jáde sí títì, ló ṣe ra ògbólógbòó jíìpù náà. Láti ìgbà tó sì ti rà á, iyanrìn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ inú taya díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rọ̀. "Ó yá, wà á."

Jíìpù náà yọ́ jáde bí ẹni tó jí lójú oorun. "Halelúyà!" ni Morìnsọ́lá ké. Ó fò sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, kò sì sí ẹni tó tètè jọ̀wọ́ ẹnì kejì.

Zinsu ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ abúlé etíkun náà ni, mẹkáníìkì sì ni, Ibereko ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

"Abẹ́ ọkọ̀ yìí sún mọ́ ilẹ̀ jù," ó ní. "Gbé e wá. A ó wá sípíríìngì tí yóò gbé e sókè, àti taya tó tóbi."

Há, ẹ wo ayọ̀! Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Morìnsọ́lá bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù Zinsu ló ń gbà lọ. Wọn a tẹ́ sípíríìngì sílẹ̀, wọn a máa yí taya kiri, wọn a máa jiyàn.

"Èyí tó mọ níwọ̀n yìí ti tó," ni Zinsu wí.

"Èyí tó ga jù lọ yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ọkọ̀ rẹ á ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì!"

"Òun gan-an ni mo fẹ́!"

"Taya tó bá a mu á tó ọ ní àyà o."

"Gbé e wá, jàre!"

Zinsu rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ wú, ó gbé e wá. Ó ní, "Olólùfẹ́ mi, bí mo bá ń wo taya báyìí, ojú rẹ ni mò ń rí."

"Ojú mi wá rí róbótó bí taya?"

Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, iyanrìn ń tú sókè lẹ́yìn wọn bí ìgbì omi, wọ́n ń pariwo bí ọmọdé. Létí òkun níbẹ̀ ni Zinsu ti ní kó wá di aya òun. Morìnsọ́lá dáhùn pé, "Bí Màmá Àgbà bá ti súre fún wa, mo ti di tìrẹ."

Màmá Àgbà ni ìyá bàbá rẹ̀, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Nínú ilé wọn, ọkọ̀ tuntun tàbí èyí tí a tún ṣe kì í ṣiṣẹ́ kí àgbà ilé tó jókòó nínú rẹ̀ gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n gbé jíìpù náà dé, Màmá Àgbà jáde tòun ti ọ̀pá àti aṣọ funfun. Ó wòkè. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀. Zinsu sáré gbé àpótí wá; àpótí yẹ̀, gèlè Màmá já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àwọn ará ilé kejì bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹni tó ń gun igi àgbọn ni mo jọ lójú yín ni?" Ó kọjú sí Zinsu. "Nígbà tí ò ń ṣe ọkọ̀ yìí, ọmọ mi nìkan lo rò. O ò rò tèmi. Ẹni tí kò bá ro tàgbà, n kò ní fún un lọ́mọ."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Omijé bọ́ lójú Morìnsọ́lá. Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn. "Zinsu, aláboyún wo ló máa gun èyí?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Èmi ni mo ní kó ga," Morìnsọ́lá sọ.

"Èmi ni mo sì gbé e ga. Ìfẹ́ ń pa mí bí ọtí."

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé jáàkì. Lọ́tẹ̀ yìí, pèpéle ẹnu ọ̀nà tí Màmá Àgbà ń gùn lójoojúmọ́ ni wọ́n lọ wọ̀n. Wọ́n yan sípíríìngì tó mọ níwọ̀n, àti taya tó fẹ̀ ju èyí tó ga lọ. Zinsu sì jó irin àtẹ̀gùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ṣe é kó ga bí pèpéle náà gẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí ẹnu ọ̀nà. Màmá Àgbà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀pá kan irin náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gùn ún. Ó jókòó! Àdúrà tó gbà gùn débi pé ẹsẹ̀ ń ro àwọn tó dúró.

"Zinsu, ọmọ mi."

Morìnsọ́lá sáré sún mọ́ ọkọ̀ nígbà tó gbọ́ "ọmọ mi" yẹn.

"Mà?"

"Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń rìn jáde nínú iyanrìn yẹn?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, Mà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jáde kẹ́yìn."

"Ọkọ̀ ti wà báyìí. Gbé e wá, òun àti àwọn ẹbí rẹ. Ẹ wá tọrọ ìyàwó yín."

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Jíìpù náà gba inú iyanrìn jáde wẹ́rẹ́, tòun ti orin ìyìn. Màmá Àgbà dúró lórí pèpéle, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Mì kuabọ!" ló ké, ọ̀rọ̀ tí Morìnsọ́lá ti ń kọ́ ọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ariwo ayọ̀ ta. Ìyá Zinsu sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ó yíjú padà wo irin àtẹ̀gùn náà.

"Ó bá ẹsẹ̀ mi mu rẹ́gí. Ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

Màmá Àgbà lu àyà rẹ̀. "Ẹsẹ̀ tèmi ni, àna mi. Ẹ wọlé."