Kí Lo Jẹ Láàárọ̀?

Kì í ṣe orúkọ ni ọkùnrin ẹlẹ́rọ kan kọ́kọ́ bi obìnrin òṣèré kan. Ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó ní, "Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ mọ bí ohùn rẹ ṣe ga tó ni. Sọ ohunkóhun."

"Búrẹ́dì àti tíì. Tíì ọ̀hún ti tutù."

"Ó dáa. Wàyí o, ṣe ìyá arúgbó fún mi."

Ayé ìgbà náà dùn o, nígbà tí téèpù ṣì ń yí bí òkòtó. Ẹnu obìnrin yìí kò mọ ní ẹyọ kan. Láàárọ̀ á polówó ọṣẹ, lọ́sàn-án á ṣe ìyá arúgbó àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú eré orí rédíò kan náà, nírọ̀lẹ́ á sáré lọ bá àwọn onítíátà lórí ìtàgé. Tó bá di Sátidé, á fi àwọn ọ̀gá ìlú ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹlẹ́nu Méje ni wọ́n ń pè é.

Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin ẹlẹ́rọ yìí fi bi í ní ìbéèrè kan náà láràárọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdáhùn ń gùn sí i. Lọ́jọ́ tó ní òun ò jẹ nǹkan kan, pé inú òun bàjẹ́, ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, ó lọ ra ẹyin sísè méjì wá. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé.

"Olólùfẹ́ mi," ọkùnrin náà ní lọ́jọ́ kan, "jẹ́ ká lọ rí bàbá mi. Àwọn ni ọ̀gá iléeṣẹ́ omi nígbà kan."

Obìnrin náà rántí ẹ̀fẹ̀ kan tó ṣe ní Sátidé. Ta ni ò mọ ẹ̀fẹ̀ yẹn? Ọ̀gá kan tó ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí á wá sọ pé, "A ti ń wò ó," nígbà tí omi ẹ̀rọ ti gbẹ fún oṣù mẹ́rin. Títí bàbá náà fi fẹ̀yìn tì, ibi tó bá gbà kọjá ni wọ́n ti ń húkọ́ sí i.

"Ìwọ lo gba ohùn yẹn sílẹ̀, o ò sì wí nǹkan kan?"

"Ilé tiwa náà ò rómi."

Ní pálọ̀, bàbá ò wojú rẹ̀. "Ẹnu méje. Èwo ló fẹ́ fi sọ fún mi pé òun fẹ́ràn ọmọ mi?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá wa àtàtà, ẹ̀yin tí..." Ohùn ọlọ́ṣẹ ló jáde. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ojú sì tì í.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?" ọkùnrin náà rọra bi í.

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ohùn náà kéré, ó sì há díẹ̀. Bàbá gbójú sókè.

"Omi ò yọ nígbà yẹn, Bàbá. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n ikọ́ yín ò sí lára ọ̀rọ̀ omi. Ara yín ni, kò sì yẹ kí n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá ọkùnrin náà, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, mi orí.

"Òótọ́ ló sọ, bàbá wọn," ni ìyá wí. "Orí mi yìí ni mo fi ru omi fún oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá wo ẹni tó kúnlẹ̀. "Ẹ wá oúnjẹ fún un ná."

"Ìgbéyàwó wa ńkọ́, Bàbá?" ọmọ rẹ̀ bi í.

Bàbá húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín.

"A ti ń wò ó."

Èjìká bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Ni ẹ̀rín bá gba ilé kan. Obìnrin náà gbọ́ tirẹ̀ láàárín tiwọn. Kì í ṣe ti ìyá arúgbó, kì í ṣe ti ọlọ́ṣẹ.

Wíwò náà kò sì pẹ́ tó ti omi. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti di tọkọtaya.