Lẹ́yìn Àlàáfíà Ńkọ́?

Ọwọ́ mi ṣì wà lára ẹsẹ̀ iwájú òsì Sààrì nígbà tí Miss Michelle yọjú sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀.

“Àlàáfíà?” ó bi mí.

“Àlàáfíà ni, ma,” mo dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe àlàáfíà. Ẹsẹ̀ náà gbóná. Kò gbóná púpọ̀ o. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn di ife tíì tó ti ń tutù mú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹṣin tí ara rẹ̀ le máa ń tutù láàárọ̀ ni, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá wà nínú ìsinmi ilé ìwé. Bí ó bá ti gbóná, iṣan ń ṣàìsàn nìyẹn, ẹṣin ò sì gbọ́dọ̀ sáré.

Wọ́n tọ́ mi dáadáa ní ilé wa ní District Heights ní Amẹ́ríkà, ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Nílé Yẹ̀kínì bàbá mi, a kì í fi ìròyìn burúkú dá ẹni tó kí wa lóhùn. Àlàáfíà la máa kọ́kọ́ sọ; ẹ̀yìn ìyẹn ni “ṣùgbọ́n” máa tó dé. Bí bàbá mi bá pe àwọn ará ilé ní Ọ̀yọ́ lórí fóònù, ilé ńkọ́, àlàáfíà ni. Àwọn ọmọ ńkọ́, àlàáfíà ni. Ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó sọ fún un pé ìjì ti ṣí òrùlé ilé lọ.

Miss Michelle kò mọ ìyẹn. Obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni, Mitchellville ló ń gbé, òun ló sì ni ilé ẹṣin tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Upper Marlboro. Bàbá mi kọ́ ọ ní “àlàáfíà” láti ọdún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn. Ìdajì ìkíni wa ló kọ́. Kò sẹ́ni tó rántí kọ́ ọ ní ìdajì tó kù. Bó ṣe gbọ́ àlàáfíà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó fàmì sí orúkọ Sààrì lára pátákó, ó gbé kọfí rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

“Ṣùgbọ́n” tèmi kù sí mi lẹ́nu. Mo lè sá tẹ̀ lé e, nítorí kò tíì dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Mi ò sá tẹ̀ lé e.

Ẹ ní láti mọ Sààrì kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Late Supper ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ọ, ó ní oúnjẹ alẹ́ wo ló tún pẹ́ ju sààrì tí à ń jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ nígbà ààwẹ̀, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára lọ́dọ̀ wa. Eré kúkúrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í sá, ipò tó sún mọ́ ìgbẹ̀yìn ni tirẹ̀ nígbà gbogbo. Miss Michelle rà á, ó ní òun máa fi í sá eré tí ẹṣin ti ń fo ìdènà. Lọ́dún 1993 tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó sáré dé ìdènà àkọ́kọ́, ó dúró gbọn-in, ó gbóòórùn ẹ̀ka igi tí wọ́n fi dí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Felix tó gùn ún nìkan ló fo ìdènà náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún yẹn kan náà ló kọ́ fífo, wọ́n fi í sínú eré ìdènà máìlì mẹ́ta, ojú wa wá là. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Sààrì wò wọ́n dáadáa. Á wò wọ́n fún máìlì méjì àbọ̀, nígbà tí ó bá sì ti rẹ gbogbo wọn ni tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó sá eré gígùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú márùn-ún. Gbogbo ìgbà tó bá borí ni bàbá mi máa ń sunkún, á sì sọ fún wa pé eruku ló kó sóun lójú.

Lọ́dún 1997 yìí, Sààrì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Miss Michelle ti sọ pé eré ọjọ́ Sátidé ni yóò kẹ́yìn, lẹ́yìn rẹ̀ kó máa jẹ koríko rẹ̀ títí ayé. Bàbá mi sì ti ṣèlérí pé èmi ni màá fa ìjánu rẹ̀ yí pápá kékeré ká lójú gbogbo èèyàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo ti ń retí ọjọ́ yẹn láti kékeré. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ooru ẹsẹ̀, ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn, mo sì rò pé kò ní sí òmíràn mọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, bàbá mi dé láti ibi tó ti lọ kó koríko gbígbẹ.

“Jamilah, ẹsẹ̀ Sààrì ńkọ́?”

“Àlàáfíà ni, Daddy.”

Ó dúró díẹ̀. Òun ló tọ́ mi, “ṣùgbọ́n” ló ń retí. Mi ò sọ ọ́, ó sì mi orí, ó lọ. Ti àárọ̀, ìwà ọmọlúàbí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti ọ̀sán yìí, irọ́ pọ́ńbélé ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olúfọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi pè mí. Kíláàsì kan náà la wà.

“Mo ti kọ orúkọ ẹ sára páálí,” ó ní. “Ó tóbi gan-an. Èèyàn méje ló ń bọ̀ pẹ̀lú mi.”

“Tí ẹṣin yẹn ò bá wá sáré ńkọ́?”

“Kí ló máa dá a dúró? Jamilah, má dójú tì mí o. Gbogbo kíláàsì ló ti gbọ́.”

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kí bàbá mi tó lọ kírun, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kan ẹsẹ̀ náà. Mo ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Mo ti fi rọ́bà da omi tútù sí ẹsẹ̀ Sààrì fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì ti nù ún gbẹ, kò sí ooru kankan níbẹ̀ mọ́.

“Ọwọ́ rẹ ti mọ iṣẹ́,” bàbá mi wí. “Kí Ọlọ́run bù kún un fún ọ.”

Àdúrà yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Oòrùn ràn dáadáa ní pápá eré lọ́jọ́ Sátidé. Mọ́tò kún orí koríko, àwọn èèyàn ṣí bùùtù wọn sílẹ̀, wọ́n ń jẹ adìẹ dídín. Olúfọlákẹ́ àti àwọn méje rẹ̀ to sẹ́yìn ọgbà, wọ́n gbé páálí sókè, JAMILAH ló wà lára rẹ̀. Mo fa Sààrì jáde, ara rẹ̀ ń dán, inú mi sì dùn gan-an nígbà tí a kọ́kọ́ yí pápá kékeré náà ká. Nígbà tí a yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi nìkan ló rí i.

Felix dé, ó wọ ẹ̀wù eré rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Òun ló ti ń gun Sààrì láti ọjọ́ tó jẹ ìdènà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ń juwọ́ sí i láti orí èjìká ìyá rẹ̀, òun náà juwọ́ padà.

“Ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n mọ̀?” ó bi mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Miss Michelle ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e sórí ẹṣin. “Àlàáfíà?” òun náà bi mí.

“Àlàáfíà ni, ma,” mo wí. Mo wo ọmọ Felix. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá yẹ̀ lórí ìdènà, ẹṣin nìkan kọ́ ni yóò ṣubú. “Ṣùgbọ́n…”

Àwọn méjèèjì wò mí.

“Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbóná láti Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀. Mo da omi sí i kí Daddy má baà mọ̀.”

Miss Michelle rọra gbé ẹsẹ̀ Felix sílẹ̀. Wọ́n pe dókítà ẹranko, ó tẹ iṣan náà, Sààrì sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi kéde pé Late Supper kò ní sáré. Olúfọlákẹ́ ká páálí rẹ̀, kò wo ojú mi. Ìtìjú bò mí.

Nínú mọ́tò, nígbà tí a ń padà lọ, mo bẹ bàbá mi.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Mò ń bínú,” ó ní. “Mo sì fẹ́ bínú dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà a ó jọ sọ̀rọ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta náà pé géérégé. Ó mú mi lọ bá Miss Michelle. Dókítà ti sọ fún un pé iṣan náà kò já, pé máìlì mẹ́ta ni ìbá já a, àti pé ìsinmi oṣù méjì yóò wò ó sàn.

“Títí sukúù yóò fi wọlé,” Miss Michelle sọ fún mi, “ṣọ́bìrì àti ìgbẹ́ ẹṣin ni wàá máa fọwọ́ kàn, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn.” Ó wá yíjú sí bàbá mi. “Mr. Yẹ̀kínì, lọ́dọ̀ yín, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ti dáhùn tán?”

Bàbá mi sọ ìtàn òrùlé Ọ̀yọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i lára. Bàbá mi wá kọ́ ọ ní ìdajì tó kù: “Lẹ́yìn àlàáfíà ńkọ́?” Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń bi gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀, títí kan ẹni tó ń mú lẹ́tà wá.

Mo kó ìgbẹ́ títí apá mi fi le. Olúfọlákẹ́ wá bá mi kó o lẹ́ẹ̀mejì, ó fi tíṣù dí imú, ó ní òun ti dárí jì mí ṣùgbọ́n òórùn yìí lòun ò lè dárí jì. Sààrì ní tirẹ̀ jẹ koríko, ó sanra, iṣan rẹ̀ sì sàn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Miss Michelle ní òun ò lè gbà kí eré tí Sààrì kò sá jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Ó dá iṣẹ́ mi padà fún mi, ó sì fi eré kan sí i nínú oṣù Kẹwàá.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fa ìjánu rẹ̀. Olúfọlákẹ́ gbé páálí yẹn wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ̀wé sí lọ́tẹ̀ yìí: SÀÀRÌ. Ẹṣin mẹ́sàn-án ló sáré. Fún máìlì méjì àbọ̀, Sààrì wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń wò wọ́n bí àṣà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá ẹyọ kan, ó kọjá méjì, títí ó fi kọjá méje, ó fo ìdènà tó kẹ́yìn pẹ̀lú ẹṣin pupa kan ní ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀n orí kan péré ni ẹṣin pupa náà fi ṣáájú rẹ̀ dé ìparí. Ipò kejì la gbà, a sì pariwo ju àwọn tó gba ife lọ. Eruku kó sí bàbá mi lójú, ó pọ̀ gan-an.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju ọjọ́ méjì lọ, ó sì kù díẹ̀ kó ṣe Felix àti ẹṣin tí mo fẹ́ràn léṣe. Mo ti wá mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí kò tán síbi ìkíni. Ẹni tó bá mọ òtítọ́ tó sì dákẹ́ ti purọ́ náà ni.

Ọjọ́ kejì eré ni ẹsẹ̀ ẹṣin máa ń sọ òótọ́. Mo tètè débẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú koríko, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan, mo sì tún padà sí ti òsì.

Miss Michelle yọjú pẹ̀lú kọfí. “Àlàáfíà?”

“Àlàáfíà ni, ma.”

Kò lọ. Ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń wò mí. “Lẹ́yìn àlàáfíà ńkọ́?”

Ẹsẹ̀ náà tutù lábẹ́ ọwọ́ mi.

“Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ma,” mo wí, òótọ́ sì ni.